Ẹni Tó Ń Fún Ẹgbẹ́ Lóhùn

Ó ti rẹ Ọ̀gá Etí kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin rárá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń fi gìtá oníná jẹun, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ló sì ń dúró sí ní gbogbo ọdún náà. Mẹ́ta péré ni wọ́n nínú ẹgbẹ́: òun, akọrin obìnrin kan, àti oníkíbọ́ọ̀dù tó kọ́ níṣẹ́, tó ń pè ní àbúrò. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ ta okùn kan kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Fífún ẹgbẹ́ lóhùn ni wọ́n ń pe ìyẹn, kò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni rí.

Kò lo túnà rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ bóyá okùn ga jù tàbí ó wálẹ̀ jù, kí ni ẹni tí Ọlọ́run fún létí fẹ́ fi ṣe?

Onífèrè kan ló da omi àlàáfíà rẹ̀ rú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà wá bá wọn ṣeré, ó fa irin fèrè rẹ̀ síta kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀ bá tiwọn, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, gbogbo yín lẹ wálẹ̀." Ọ̀gá Etí fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí oorun gidi sùn láti ọjọ́ náà. Orúnkún ti lọ, ẹ̀yìn ti lọ. Bí etí náà bá tún lọ, kí ló kù? Túnà tí kì í parọ́ ló wá rà, kó lè bá a jẹ́rìí.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù to mẹ́ta kalẹ̀.

"Èyí, orí gìtá lẹ máa há a mọ́, bí igi bá ṣe ń gbọ̀n ló fi ń mọ̀. Èyí ní etí tiẹ̀, ó ń gbọ́ gìtá, ó sì ń gbọ́ ẹni tó ń ṣòfófó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi tẹ ìkẹta yìí, wáyà gìtá á wọnú ẹ̀ tààrà, kò ní gbọ́ ẹlòmíì. Òun ló péye jù. Ẹ wo irinwó lé ogójì lójú ẹ̀, òdiwọ̀n ohùn tí gbogbo olórin ayé fẹnu kò sí nìyẹn."

Ó ti fi etí tún gìtá rẹ̀ ṣe látilé. Ó há ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó ta okùn. Iná pupa tàn lápá òsì: ó wálẹ̀. Ó gbé èkejì, ó ní kí ìyá náà panu mọ́. Pupa. Ó ki wáyà bọ ẹ̀kẹta. Pupa, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n," ó ní. "Wọ́n ti dìtẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣe wọ́n."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Kò sì lókun àríyànjiyàn mọ́. Ó ra ẹlẹ́sẹ̀, ó gbé gìtá kọ́ èjìká.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló sinmi lórí àtẹ̀gùn kó tó dé yàrá tí wọ́n ti ń dánrawò. Akọrin ò tíì dé. Oníkíbọ́ọ̀dù ń nu eruku. Ọ̀gá Etí yí okùn títí iná àwọ̀ ewé fi tàn fún gbogbo wọn. Létí tirẹ̀, wọ́n ti ga jù. Ó ta ọ̀kan, àbúrò rẹ̀ tẹ tirẹ̀, ohùn méjèèjì sì kọlu ara wọn bí orogún.

"Ṣé o gbọ́!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé àárẹ̀. "Irọ́ ni nǹkan yìí ń pa! Kíbọ́ọ̀dù kì í ṣáà yí fúnra ẹ̀. Mò ń dá a padà fún wọn báyìí."

Ọ̀gá Etí gba ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù, ibi tí kì í gbà, ó fẹ́ lọ yọ wáyà túnà lára ògiri. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí gíláàsì kékeré tó ń tàn lára kíbọ́ọ̀dù. Irinwó lé mẹ́rìndínlógójì.

"Ta ló yí i wálẹ̀?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Látìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún méjì. Ọ̀kan ni mo kọ́kọ́ yọ. Nígbà tó yá, mo tún yọ ọ̀kan. Bẹ́ ẹ ṣe ń wálẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé yín."

"O ò sì lè sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́."

Ó jókòó sórí ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọdún méjì ló fi ń pariwo mọ́ akọrin pé kó tẹ́tí. Ojú tì í gan-an, ṣùgbọ́n sùúrù ọmọ yìí dùn ún ju ìtìjú lọ.

"Dá a padà sí irinwó lé ogójì."

Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, díẹ̀díẹ̀.

Akọrin wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń sọ ohun tó máa ń sọ lójoojúmọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún wa lóhùn ká bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀gá Etí gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn. "Bi àbúrò mi," ó ní. "Ọwọ́ ẹ̀ ló wà báyìí."

Oníkíbọ́ọ̀dù mi orí pé rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún nawọ́ sí i. Ó wá tẹ ohùn kan. Létí Ọ̀gá Etí, ó ga jù. Ó tẹjú mọ́ iná túnà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ta okùn tirẹ̀ tẹ̀ lé e.