Gbólóhùn Tí Salome Gé Kúrú

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Salome dúró ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlọrin ló ti ń fi títún ìwé àwọn ẹlòmíràn ṣe jẹun. Ó padà sí Lọ́kọ́ja, ó gba yàrá kan ní àdúgbò Karaworo, ó sì gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ omi wò, àwọn tó ń wádìí ẹja inú odò, àwọn tó ń tọpa àìsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé rípọ́ọ̀tì wọn wá kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn. Èdè Òyìnbó inú rẹ̀ a lọ́ mọ́ra bí àwọ̀n tó ta kókó. Salome a mú báírò pupa, a gé e, a tò ó, títí ìtumọ̀ yóò fi yọ jáde. Kò fẹ́ràn wọn. Bí ẹni tó ń bá alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀: kí aṣọ ṣáà ti mọ́.

Dókítà Oyèníyì ló gbéra ga jù nínú wọn. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ ni. Lọ́dún 1987, ó gbé rípọ́ọ̀tì kan wá nípa ọ̀gbàrá tó ń wó ilẹ̀ lẹ́yìn Òkè Patti. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Wọ́n ti dá a padà fún mi, wọ́n ní kò yé wọn. Ẹ bá mi jẹ́ kó mú.”

Nígbà tí Salome ka ìwé náà dé apá ìparí, ó bá gbólóhùn kan pàdé: ó dàbí ẹni pé, níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bóyá ó lè ṣeé ṣe kí a rọ àwọn àgbẹ̀ kan pé kí wọ́n yẹra fúngbà díẹ̀. Inú bí i. Kí lèèyàn ń fi gbogbo bóyá yìí ṣe? Ó fa igi pupa lé e lórí, ó sì kọ ọ́ pé: kí àwọn àgbẹ̀ kúrò lẹ́yìn òkè náà.

Nígbà tí Dókítà wá gba iṣẹ́ rẹ̀, Salome fi ìka tọ́ka sí i. “Ṣé ohun tí ẹ ní lọ́kàn nìyí?”

Ọkùnrin náà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Salome mọ̀ pé ẹ̀yìn òkè náà ni Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, ti ń dáko pẹ̀lú àwọn ará Oworo yòókù. Ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò wá sí i lọ́kàn. Bó bá ti jókòó ti iṣẹ́, ọ̀rọ̀ nìkan ló máa ń rí, kì í rí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó mú àṣẹ inú rípọ́ọ̀tì náà dé ẹ̀yìn òkè. Wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí ilẹ̀, wọ́n sì dáná sun abà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jímọ̀ gun kẹ̀kẹ́ dé Karaworo.

“Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Salome kí i.

Jímọ̀ kò jẹ́ ẹ. “A lọ bá Oyèníyì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lòun kọ ọ̀rọ̀ wa, pé obìnrin kan ní Karaworo ló gé e. Ó dárúkọ rẹ lójú gbogbo èèyàn.”

“Mo bi í léèrè. Ó ní kí n fi í sílẹ̀.”

“Nígbà tí o ń gé e, ṣé o rántí mi?”

Salome bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

“Dá mi lóhùn.”

“Rárá. Mi ò rántí yín.”

Jímọ̀ tutọ́ sílẹ̀. “Mo rò pé wàá purọ́ ni. Ì bá sàn.” Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Salome lọ bá Oyèníyì. Ìyẹn kò gbójú sókè.

“Madam, gírámà niṣẹ́ yín. Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan ìwádìí mi?”

“Ojú mi lẹ ti kà á. Ẹ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá yín pé ẹ̀yin lẹ gbà á wọlé.”

“Kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde.”

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ kan fi wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan nítòsí gbàgede Paparanda. Oyèníyì tún sọ pé alátùn-únṣe ló ba iṣẹ́ òun jẹ́. Kò sẹ́ni tó pe Salome, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́yìn. Ó dìde.

“Èmi ni mo yọ bóyá kúrò,” ló wí. “Dókítà kà á, inú rẹ̀ dùn sí i. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ ni pé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ni, fúngbà díẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ sì ni, kì í ṣe àṣẹ.”

“Irọ́ ni,” ni Oyèníyì wí.

Àgbẹ̀ kan pariwo pé kí wọ́n mú obìnrin náà jókòó, pé obìnrin yìí gan-an ni ọ̀tá. Alága ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n dákẹ́, ó kọjú sí Dókítà.

“Gbogbo ìyẹn ò kàn mí. Kí ni ẹ rí lóko?”

Oyèníyì yí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó gbà pé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ni.

Wọ́n dá ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín, wọ́n sì gbin igi sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni oko Jímọ̀ wà. Àwọn tó rí ilẹ̀ gbà padà kò kí Salome. Àwọn ọ́fíìsì kò gbé ìwé wá mọ́. Bridget, akọ̀wé kan tó máa ń gbé iṣẹ́ wá fún un, ló wá sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé: “Wọ́n ní ẹ máa ń tú àṣírí ẹni tó bá gbé ìwé wá síta. Ẹ má retí mi mọ́.”

Nígbà ọdún Iléyá, Salome lọ sílé ìyá wọn. Jímọ̀ ti wà nínú ọgbà, ó ń kun ẹran. Salome gbé àga sí tòsí rẹ̀.

“Ilé ìyá wa ni, mi ò lè lé ọ,” ni Jímọ̀ wí. “Ṣùgbọ́n má jókòó síbi tí mo wà.”

“Mo ti bẹ̀ yín títí. Dókítà tó ba tèmi àti tiyín jẹ́ ńkọ́? Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, mo rí yín.”

Jímọ̀ kò dáwọ́ ẹran dúró. “Òun ò mọ̀ mí rí. Ìwọ mọ̀ mí.”

Salome gbé àga rẹ̀, ó sì lọ jókòó lẹ́yìn ilé.