Wọ́lẹ́ẹ̀tì Dámiláre

Anfilifáyà ni Gbádébọ̀ Ògúndìran ń tún ṣe ní Ọjà Àlàbá, òun ló sì fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a níbi tínú rẹ̀ ti ń dùn, ilé ni kẹ́ ẹ lọ, ní ẹ́sítéètì Ìbà, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ó bá a lórí àga kékeré, awọ láàárín orúnkún méjèèjì, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ òsì, tó ń rán wọ́lẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ o. Kì í tà á. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ lọ́dún tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Tó bá ti jókòó tì í, fóònù lè dún títí kó rẹ̀ ẹ́, kò ní gbé e, àgàgà tó bá jẹ́ nọ́ńbà tí kò mọ̀. Ó ní àwọn oníjìbìtì ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alaba Rago ló ti ń ra àjákù awọ. Ó ti pọ́n ẹnu ọ̀kan nínú fọ́ọ̀kì ìyàwó rẹ̀ títí ó fi mú, òun ló ń fi hámà kàn mọ́ awọ kí ihò abẹ́rẹ́ lè tò lọ geere. Ìjọ aláṣọ funfun sì ni wọ́n ń lọ, nítorí náà àbẹ́là ò wọ́n wọn nílé. Àjókù rẹ̀ ló fi ń pa òwú lára kó má baà tètè já.

Ọmọ́yẹni, ìyàwó rẹ̀, a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Dámiláre, àbẹ́là tí wọ́n fi gbàdúrà lẹ fi ń rán àpò owó. Kí owó ṣáà yáa wọ inú ẹ̀ o!"

Òwú kan ṣoṣo ni, abẹ́rẹ́ méjì. Èyí wọ ihò láti ọ̀tún, èyí wọ ihò kan náà láti òsì. Bí òwú bá já lójú kan, ìyókù á ṣì dì mú. Iṣẹ́ tó dára ni. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ọkùnrin yìí lágídí. Tí ojú abẹ́rẹ́ kan péré bá wọ́, á fa bíléèdì yọ, á sì tú gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbọ́.

Dámiláre ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń lọ sí ọdún mẹ́rìnlélógún. Páńẹ́ẹ̀lì sólà ló ń bá wọn gbé sórí ilé kiri. Ọmọ ẹni tó ń rán wọ́lẹ́ẹ̀tì, inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti fọ̀ ló ń kó káàdì ìdánimọ̀ àti owó rẹ̀ sí, kí òjò má baà pa á.

"Dádì, Wòlíì ti gba wọ́lẹ́ẹ̀tì. Àǹkú Timothy ti gba wọ́lẹ́ẹ̀tì. Tèmi ńkọ́?"

"Tìẹ ń bọ̀. Tìẹ ò gbọdọ̀ wọ́ rárá ni."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àkọ́kọ́ wọ́ létí, ló bá gbé e fún Wòlíì ìjọ wọn. Ìkejì, ó ní àwọ̀ òwú ò bá awọ mu, ló bá fi ta Timothy àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ. Ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku bí ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin, lojú kan bá tún wọ́. Dámiláre rí i tó ń wá bíléèdì, ó sáré wá.

"Dádì, ẹ dákun, ẹ fún mi báyẹn. Àpò ẹ̀yìn ni mo máa fi sí. Mo máa jókòó lé ibi tó wọ́ yẹn ni, ta ló fẹ́ rí i?"

Gbádébọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó sì tú u.

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Dámiláre ń sọdá títì ní Ìyànà-Ìbà, ọkọ̀ kan tó ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiẹ̀ bọ̀ gbá a. Fóònù rẹ̀ fò lọ, ẹnì kan he é. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà fò lọ, ta ló máa bẹ̀rẹ̀ he ọ̀rá lójú títì? Àwọn èèyàn dáadáa gbé e lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá àti ìyá fi wá a. Wọ́n dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkòkòmàíkò, wọ́n dé tẹ̀ṣàn ọlọ́pàá. Ọjọ́ kẹta ni Timothy wọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, ó sì bá a níbẹ̀, páálí kékeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: ẹni tí a kò mọ̀.

Timothy jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, àmọ́ kò mọ ohun tó yẹ kéèyàn gbé mì. Nígbà tó ń ròyìn, ó sọ gbogbo ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ tí àwọn ì bá fi mọ ilé ẹ̀. Ó ní ká ní wọ́lẹ́ẹ̀tì wà lápò ẹ̀ ni, àwọn ì bá ti pè yín lọ́jọ́ náà."

Gbádébọ̀ ò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í fi falẹ̀. Ọjọ́ kejì tí wọ́n rí i ni wọ́n fẹ́ sin ín. Àwọn àgbà ẹbí ti sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́: bàbá àti ìyá ò ní tẹ̀ lé wọn, wọn ò sì ní mọ ojú oórì náà títí ayé. Gbádébọ̀ ò bá wọn jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ dúró dè mí díẹ̀."

Ó gbé àga rẹ̀ jáde, ó gbé awọ tó tú lọ́sẹ̀ tó kọjá jáde. Ihò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, rírán ló kù. Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ti dúró níwájú ilé. Òwú kọ̀, kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọmọ́yẹni jáde láti yàrá, ojú rẹ̀ ti wú. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó mú àjókù àbẹ́là, ó ń fi pa òwú, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ méjèèjì, ó nà án sí i.

Gbádébọ̀ ń rán. Timothy yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó yọjú lẹ́ẹ̀kejì. "Bọ̀ọ̀dá mi, Wòlíì ní kí n sọ fún yín pé oòrùn ti ń mú."

"Ó ti kù díẹ̀."

Lóòótọ́, ó ku díẹ̀. Ibẹ̀ lojú kan ti wọ́. Ibi tí ìkẹta ti wọ́ lọ́jọ́sí náà gan-an ni. Gbádébọ̀ dúró. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ń wá bíléèdì. Kò sẹ́ni nílé tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ọmọ́yẹni di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Dámiláre. Ẹ jọ̀ọ́. Ó ní òun máa jókòó lé e."

Ìgbà yẹn ni Gbádébọ̀ tó sunkún. Ó ké bí ọmọdé, ìyàwó rẹ̀ ò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó rán ìyókù. Kò tú u. Ó ya ìwé kékeré kan, ó kọ nǹkan sí i, ó ki í bọ inú wọ́lẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e fún Timothy.

"Bá mi fi sí i lápò. Má gbàgbé o."

Bí bọ́ọ̀sì ṣe ṣíná, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó kù nílé gbé orin sókè, kíkankíkan, kí bàbá àti ìyá má baà gbọ́ ọwọ́ ibi tí ọkọ̀ náà yà sí. Gbádébọ̀ na etí títí, orin ló ń gbọ́.

Ọ̀sán ni Timothy dé. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹsẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé o fi sí i lápò?"

Timothy ò lè gbé ojú sókè. "Bọ̀ọ̀dá mi, sùtánà tí wọ́n wọ̀ fún un ò ní àpò."

Èèmọ̀ rèé! Nínú gbogbo òwú tó fi àbẹ́là pa àti ihò tó lù, kò sí lọ́kàn Gbádébọ̀ rí pé wọn kì í rán àpò sí aṣọ òkú.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo fi sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ká ìka ẹ̀ lé e."

"O ṣeun. O ṣeun gan-an ni."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ìwé wo lẹ ki bọ inú ẹ̀?"

"Mo kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Mo kọ ọ́ pé ọmọ Gbádébọ̀ Ògúndìran ni, ní Ìbà, kí ẹni tó bá rí i jọ̀ọ́ pe bàbá ẹ̀. Mo wá kọ nọ́ńbà mi sí i." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kí wọ́n má tún pè é ní ẹni tí a ò mọ̀ níbi tó lọ."

Kò rán wọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́. Fọ́ọ̀kì náà ti padà sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ní Àlàbá ti rí ohun tuntun lára rẹ̀, wọn kì í sì í bá a sọ ọ́. Tí fóònù rẹ̀ bá ti dún, tó jẹ́ nọ́ńbà tí kò mọ̀, á ju ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó fẹ́ yá èèyàn lówó ni, tàbí ẹni tó ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Kì í jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ǹ lẹ́ o," á wí. "Èmi ni. Èmi ni bàbá ẹ̀."