Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lórí Ìṣó

Ìwọ tí ò ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́, kọ́kọ́ dìde lọ wo ilẹ̀kùn rẹ. Ṣé o ti tì í? Ó dáa. Wá gbọ́. Bí aládùúgbò bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, má kàn gbé e kọ́ ara ògiri bíi fìlà. Bi í léèrè pé ta ni kò gbọdọ̀ rí i. Bó bá sì sọ ọ́ fún ọ, má ṣe dá nìkan mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé rẹ, títí kan àgbàlagbà tó ń tòògbé lórí àga. Èmi dá nìkan mọ̀ ọ́n. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn.

Mi ò kàwé púpọ̀. Bí mo ṣe kúrò ní ilé ìwé kékeré ni wọ́n mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ tó ń bọ̀, forí jì mí. Àyà mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Mo sì ń dáwọ́ dúró láti gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Bí àdúgbò wa ṣe rí nìyí. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, wàá máa gbọ́ ilẹ̀kùn, gbàà, gbàà, láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà títí dé òpin. Gbogbo ayé ń sáré lọ bá ọkọ̀ ojú irin. Ẹlòmíì ń jẹ búrẹ́dì lọ lójú ọ̀nà, ẹlòmíì ń de táì, obìnrin á ki bàtà gíga bọ àpò, á fi sálúbàtà sáré. Tí oòrùn bá fi máa yọ, ibẹ̀ ti pa lọ́lọ́. Àwọn ilé náà jọra bí ẹyin inú àwo, fèrèsé méjì níwájú, géètì kékeré, ògiri kan náà ló pín ọ̀kan sí èkejì. Ìlú ńlá ló ń jẹ ẹran ara wọn lọ́sàn-án, eegun rẹ̀ ló ń dá padà fún wa nírọ̀lẹ́.

Àwa tó ń kù nílé ò pọ̀. Èmi wà níbẹ̀, inú pálọ̀ ni mo ti ń rán aṣọ ojú fèrèsé fún àwọn èèyàn. Màmá, ìyá ọkọ mi, wà níbẹ̀, wọ́n máa ń wo ìta, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀. Nítorí pé a wà nílé làwọn ará òpópónà ṣe ń kó kọ́kọ́rọ́ wọn tì wá: ẹni tó ń retí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun wá fún, ẹni tó máa ń gbàgbé tirẹ̀ síbi iṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn la kan ìṣó sí, ibẹ̀ la ń fi wọ́n kọ́. Màmá fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ.

“Èmi ni ọ̀gá wọ́dà,” ni wọ́n máa ń wí, “àmọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tèmi ló ń fẹsẹ̀ ara wọn padà wá.”

Obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò tíì pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Òun nìkan ló dé, pẹ̀lú àpótí kan. Ìlú ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń di oògùn sínú páálí. Èmi ni mo rán aṣọ fèrèsé rẹ̀, èyí tó nípọn, torí ó ní òun ò fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa yọ síta. Ọjọ́ tó wá gbà á ló bi mí bóyá mo lè pa ọ̀rọ̀ mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, bí ọkùnrin kan bá wá béèrè mi, tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, tí àpá wà lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún, ẹ dákun, ẹ ò mọ̀ mí rí.”

“Ọkọ ẹ ni?”

“Ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.”

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo rí ohun tí mo rí. Èmi tí mo fi abẹ́rẹ́ jẹun, mo mọ ibi tí wọ́n ti rán ara èèyàn pọ̀.

“Ẹ má sọ fún Màmá o,” ló wí. “Ẹ mọ̀ wọ́n.”

Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú Màmá mọ́jú. Mo gbé e mì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo lọ so aṣọ fèrèsé fún dókítà eléyín tó wà nítòsí ibùdókọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, torí irin tí wọ́n fi ń so ó wọ́. Nígbà tí mo fi máa padà dé, Màmá ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn ń dán.

“Ìyàwó mi, o pàdánù! Àlejò ti dé, ó ti wọlé.”

“Àlejò wo, Màmá?”

“Ọkọ obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa! Ó ti ìrìn àjò dé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ó bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mi ò tiẹ̀ ní kó bọ́ ọ o. Ó fọwọ́ méjèèjì di tèmi mú, ó ní, ‘Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó mi.’ Ọkọ tìẹ, tí mo fi inú mi bí, ìgbà wo ló kí mi báyẹn kẹ́yìn? ‘Màmá, ẹ káàárọ̀,’ ó ti bọ́ síta!”

Mo wo ìṣó. Kọ́kọ́rọ́ obìnrin náà, tó máa ń wà níbẹ̀, kò sí mọ́.

“Màmá, kọ́kọ́rọ́ dà?”

“Mo fún un. Ṣé kó dúró síta bí ajá ni? Ó ní ká má tíì sọ fún ìyàwó òun o. Ó ní òun fẹ́ kó kàn ṣílẹ̀kùn, kó bá òun nínú ilé.”

“Ṣé ó ní àpá lókè ojú?”

“Ẹ̀rín ni mò ń wò, ta ló ń wo àpá?” Wọ́n ronú díẹ̀. “Ó ní. Ọ̀tún ni. Kí ló dé tó o fi ń wò mí bí ẹni rí òkú?”

Bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, igbe ni wọ́n máa ké. Ògiri tó pín wa sì fẹ́lẹ́, a máa ń gbọ́ ọ bí obìnrin náà bá sín. Mo ní inú ló ń run mí. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi fóònù pè é.

Ó ń dún. Mo gbọ́ ọ létí mi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ lára ògiri.

Ó ti gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ sídìí ẹ̀, jẹ́jẹ́, láìwọ bàtà. Ó yẹ kí n pa á. Ìka mi ò gbà. Ẹnì kan gbé e.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Ohùn náà rọ̀ bí òwú. “Wọ́n kọ ọ́ síbí pé Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí?”

“Èmi... èmi ni. Ọ̀rọ̀ aṣọ fèrèsé ni. Mo fẹ́ bi í bóyá kí n ká etí ẹ̀ sí i.”

“Èwo nínú ẹ̀? Gbogbo ẹ̀ ti wà lójú fèrèsé níbí. Ẹ kú iṣẹ́. Ó nípọn dáadáa.”

“Ti ilé ìdáná.”

“Ilé ìdáná ò ní fèrèsé, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà ní ọ̀nà méjì.

“Ìgbà wo ló máa ń dé?” ló bi mí.

“Ó máa ń pẹ́ gan-an. Nígbà míì kì í tiẹ̀ wálé.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Màmá ní kì í pẹ́.”

Mo pa fóònù. Mo pe ọlọ́pàá. Ẹni tó gbé e bi mí bóyá ọkùnrin náà fọ́ ilẹ̀kùn. Mo ní rárá, kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i. Ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́? Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn, bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ kí n tún pè. Mi ò mọ nọ́ńbà ibi iṣẹ́ obìnrin náà. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí n lọ dúró dè é níbi ọkọ̀ ojú irin, kí n rí i kó tó rí ilé.

Mo mú àpò, mo ní mò ń lọ ra òwú. Iwájú fèrèsé ilé tí ọkùnrin yẹn wà ni mo gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Mi ò wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ojú ń ríran, aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì tún padé. Ṣé mo yára jù? Mo dín ẹsẹ̀ kù. Ṣé mo wá ń fà jù? Èèyàn á máa rìn láti kékeré, á wá di ọjọ́ kan tí kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Àkókò tí gbogbo wọn ń bọ̀ wálé ni mo débẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, wọ́n á tú jáde bí ìrẹsì látinú àpò tó ya. Gbogbo wọn wọ aṣọ dúdú, gbogbo wọn gbé àpò sí èjìká, àárẹ̀ sì ti mú kí ojú gbogbo wọn dà bí ojú ẹnì kan. Ọ̀nà àbájáde méjì ló wà, ọ̀kan sí òpópónà wa, ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ àwọn ìsọ̀. Bí mo bá ń wo ọ̀kan, mi ò rí èkejì. Mo wá ń fi ara gbún àárín wọn wọlé.

“Àǹtí, ẹ̀yìn lẹ ń lọ o!” ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí. “Àbí iṣẹ́ alẹ́ lẹ ń lọ ṣe ní tiyín?” Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ kan wá, kò sí níbẹ̀. Òmíràn wá, kò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ó ti gba ọ̀nà kejì jáde, pé ó ti ń ki kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀kùn báyìí.

Mo wá rí i. Ó há búrẹ́dì sí abíyá, òun àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín nǹkan kan. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Mo dúró títí obìnrin yẹn fi dágbére, mo wá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n! Kí ló dé? Ṣé ara Màmá ò yá ni?”

“Má lọ sílé.”

Ẹ̀rín náà lọ. Kò bi mí pé ta ni.

“Ó wà níta àbí ó wà nínú?”

“Ó wà nínú.”

“Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?”

“Màmá ni. Wọn ò mọ̀. O ní kí n má sọ, mi ò sì sọ.”

Ó di ojú rẹ̀. “Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má sọ,” ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ tó ń padà lọ sí ìlú ńlá wà ní òdì kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mo tú ìborí mi, mo fi wé orí rẹ̀ títí dé iwájú. Mo da gbogbo owó inú àpò mi sínú tirẹ̀.

“Ṣé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó o máa ń lọ sùn sí lópin ọ̀sẹ̀ lò ń lọ?”

“Ẹ má bi mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ó wọ inú ọkọ̀. Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ ìró ẹ̀ mọ́.

Iná ti tàn ní gbogbo ilé nígbà tí mo padà sí òpópónà wa. Ilé obìnrin náà nìkan ló ṣókùnkùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu. Mo dúró lójú ọ̀nà. Níbo ló wà? Mo wo ẹ̀yìn mi. Mo wo abẹ́ igi. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà tèmi.

Bàtà ọkùnrin wà níbẹ̀, wọ́n tò ó dáadáa. Kì í ṣe ti ọkọ mi.

Orí àga mi ló jókòó sí, nídìí máṣíìnì mi, ó ń ká téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ mọ́ ìka rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Màmá ń gbé tíì bọ̀ láti ilé ìdáná.

“Ẹ kú ìrìn, Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Mo ní kí n wá jókòó ti Màmá. Òwú dà?”

“Wọ́n ti tà á tán.”

“Ìborí ńkọ́? Mo rí yín lójú fèrèsé, ìborí wà lórí yín nígbà tí ẹ ń lọ.”

“Lóòótọ́, ìyàwó,” ni Màmá wí. “Ìborí ẹ dà?”

“Afẹ́fẹ́ gbé e lọ.”

“Afẹ́fẹ́ wo?” ni ọkùnrin náà bi mí. “Ewé kan ò mì níta.”

Màmá dúró pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Wọ́n wo orí mi. Wọ́n wo ọwọ́ mi, tí mo ń gbìyànjú láti fi pamọ́ sínú aṣọ. Wọ́n wá yíjú, wọ́n wo ojú ọkùnrin náà. Ẹ̀rín rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò báyìí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mú ojú kúrò.

“Màmá mi,” ni ọkùnrin náà wí, ó dojú kọ wọ́n, “ẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ kí Ẹ̀gbọ́n tó wọlé. Ẹ ní ó ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń lọ sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ bá parí. Ẹ ní ó sọ àdúgbò náà fún yín. Níbo lẹ pè é?”

Mi ò lè ṣẹ́jú sí wọn, torí èmi ló tún yí ojú sí.

Màmá gbé ife náà sórí fèrèsé, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé. Wọ́n jókòó. Wọ́n tún etí aṣọ wọn ṣe lórí eékún.

“Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn. Mo ti gbàgbé.”

“Ẹ ò gbàgbé, Màmá. Ẹ fẹ́ dárúkọ ẹ̀ ni, ilẹ̀kùn ló dún.”

“Kò burú. Mi ò gbàgbé.”

“Níbo ni?”

Ó ti fi téèpù sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà fún un.

“Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ̀rọ̀,” ni wọ́n wí. “Ó ti tó. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́.”