Ikọ́ Inú Fídíò

Orí fóònù Ìyá Ifáwùmí, aládùúgbò rẹ̀ ní Àpòmù, ni Sàídátù ti rí i. Kamilah, ìyàwó ọmọ rẹ̀, jókòó sí pálọ̀ ilé wọn ní Ìkirè, ó ń wúkọ́, ó ń fi ìborùn nu ẹnu, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ìborùn náà. Sàídátù figbe ta. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé eré ni, pé àwọn elétò ìlera ló ń fi í la aráàlú lọ́yẹ̀ nípa ikọ́ ife. Ó ní ó ti yé òun. Irọ́ ni, kò yé e rárá.

Eré tí òun mọ̀, àwọn òṣèré ní í ṣe é, wọ́n á kun àtíkè, wọ́n á máa fọ èdè bí ẹni tó jẹ ìwé tán. Àga inú èyí, owó òun ni wọ́n fi rà á. Òun ló ra ìborùn yẹn bọ̀ láti Gbọ̀ngán. Èwo wá ni eré níbẹ̀?

“Sóbò ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, Mọ́mì,” Kamilah wí lórí fóònù. “Bọ̀dá Titus tó ń ya fídíò ní àwọn ò fẹ́ òṣèré Èkó. Wọ́n ní ará ilé wa ni àwọn èèyàn wa máa gbà gbọ́.”

“Nínú gbogbo obìnrin tó kún Ìkirè, ìwọ nìkan ni wọ́n rí?”

“Èmi ni mo ní mo lè ṣe é, Mọ́mì.”

“Kí ló dé tó o mọ ikọ́ ọ̀hún wú tó bẹ́ẹ̀?”

Kamilah dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí Sàídátù fi dé Ìkirè. Ó ní òun wá mú Abdulrazaq, ọmọ ọmọ òun, kí ìyá rẹ̀ lè sinmi. Nasrullah, ọkọ Kamilah, kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn, ó kó aṣọ ọmọ sí báàgì. Kamilah sunkún títí, síbẹ̀ ó di dòdò sí ọ̀rá fún wọn. Sàídátù kí i pé ó ṣeun, ó sì ju dòdò náà sígbó kí wọ́n tó dé Àpòmù. Àyà rẹ̀ ń já ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Nasrullah bí nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ ń wà tó bá ń yan gààrí, àyà rẹ̀ ni ọmọ ń sùn sí. Sàídátù náà ń wú ikọ́ tiẹ̀, ikọ́ èéfín gààrí tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti Ìkirè dé, Sàídátù á bi í pé ṣé Kamilah ò ti rù. Wọ́n ní ó tilẹ̀ sanra sí i. Ó ní ara rẹ̀ ló ń wú.

Kamilah lọ ṣe àyẹ̀wò ní Ìkirè, wọn ò rí nǹkan kan. Sàídátù yínmú.

“Àwọn tó ní kó o ṣeré náà ló tún yẹ̀ ẹ́ wò? Wá ṣe é ní Àpòmù níbí, níṣojú mi. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, wàá gbé ọmọ ẹ lọ.”

Bí wọ́n ṣe jókòó sí ilé ìwòsàn, ikọ́ èéfín gbé Sàídátù, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. Ike méjì tí wọ́n ń tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí ló mú wá.

“Ẹ̀yin náà, Mọ́mì.”

“Èéfín gààrí ni tèmi.”

“Ó ti tó ìgbà wo?”

Sàídátù ń wá irọ́ tó máa pa. Kamilah ló dáhùn, ó dorí kodò.

“Ó ti pẹ́. Mọ́mì, ẹ bi mí bí mo ṣe mọ ikọ́ yẹn wú. Bọ̀dá Titus ní kí n wú ikọ́ tí mo bá mọ̀. Tiyín ni mo wú. Mi ò lè sọ ọ́ fún yín lórí fóònù.”

Nígbà tí èsì dé, kò sí nǹkan kan lára Kamilah. Ara Sàídátù ni ikọ́ ife wà. Nọ́ọ̀sì ní oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, tó bá lò ó dójú àmì, á san pátápátá. Sàídátù ò gbà. Ó ti fẹ́ máa pariwo pé wọ́n ti pààrọ̀ ike, pé òun ti mọ̀ pé wọ́n máa gbìmọ̀ pọ̀ lé òun lórí.

Abdulrazaq wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyọ kan péré.

Gbogbo ariwo náà kú sí i lẹ́nu. Ó tú ọ̀já, ó na ọmọ sí Kamilah, ó sì yíjú sí ògiri.

“Gbà á lọ́wọ́ mi, ìyàwó. Jọ̀ọ́, tètè gbà á.”

Ọmọ náà di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń ké pé ìyá àgbà ni òun fẹ́. Sàídátù sé èémí mọ́nú títí Kamilah fi gbé e jáde.