Kí Ervin Má Rẹ́rìn-ín Lọ́wọ́ Mi

Má rẹ́rìn-ín. Jọ̀ọ́, Ervin, ọkọ mi kékeré, má tíì rẹ́rìn-ín... ó kéré tán, má jẹ́ pé ojú mi lo máa wò tí ẹ̀rín fi máa bọ́ lẹ́nu rẹ. Dúró de ìyá rẹ. Dúró de ẹlòmíràn, ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Wò ó, mo ti yíjú sí àpáta.

Ẹ̀rín àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré láàárín àwa ẹ̀yà Diné. Ẹni tó bá pa ọmọ lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ló máa se àsè, òun náà ló máa di ọwọ́ ọmọ mú kí ó fi iyọ̀ lé àlejò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Àsè kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, àgùntàn wà nínú ọgbà. Ìwà ni. Wọ́n ní ìwà ẹni náà ni ọmọ máa gbé wọ̀. Ta ló wá fẹ́ kí ọmọ òun gbé tèmi wọ̀? Èmi Bernita, tí àwọn àgùntàn pàápàá ń yà fún...

Lavina àbúrò mi ti wa ọkọ̀ lọ pọn omi. Kó tó lọ, ó gbé Ervin ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ síwájú mi lábẹ́ àtíbàbà, ó wé e mọ́ ibùsùn onípákó rẹ̀ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Ó ti ń múra ẹ̀rín o!" Ó wá wò mí. Kí ló ní lọ́kàn? Ìkìlọ̀ ni. Àbí... ìkìlọ̀ ni. Èmi náà ì bá kìlọ̀.

Nítorí ọmọ tèmi... Mi kì í pe orúkọ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá kó tó lọ. Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí ọmọ bá rẹ́rìn-ín ló tó gbà láti bá èèyàn gbé. Tèmi wò mí títí, kò gbà. Ojú yìí kan náà ló wò —

Rárá. Má débẹ̀.

Yéè, igun ẹnu Ervin ń mì! Ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu ni kí n máa sọ fún un, bíi ti olùkọ́ níwájú pátákó. Ọmọ wo ló ń rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀kọ́ ilẹ̀?

Tẹ́tí, Ervin. Arisónà nìyí. Òkè mẹ́rin ló pààlà fún wa. Èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, yìnyín ló ń dé e ní fìlà. Àárín wọn ni tiwa: yanrìn, àpáta pupa, odò tí kì í ṣàn àfi tí òjò bá rántí rẹ̀... Ooru ń gbọ̀n lórí ilẹ̀. Àpáta yẹn ti gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó, ohùn mi náà ń bá a lọ... níbo ni mo dé? Ìtàn. Láyé àwọn baba ńlá wa, àwọn sójà ìjọba dé. Wọ́n jó oko wa, wọ́n gé igi eléso wa, wọ́n lé wa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti korò. Àwọn tó kù rìn padà wálé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bí ẹ síbí. Ṣé ó dùn? Kò dùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn... ìjọba ní ẹran wa ti pọ̀ jù, wọ́n ní ẹran ti jẹ koríko ilẹ̀ tán. Wọ́n ń yìnbọn pa ewúrẹ́ níṣojú àwọn tó sìn ín. Màmá àgbà ṣì kéré nígbà náà. Ó ní ìyá òun sunkún, sunkún, ó nujú, ó fa ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó kù wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó fi kúbùsù bò ó dé ọrùn, ó so ìborùn mọ́ ọn lórí. Ni ọ̀gá ìjọba bá yọjú. "Ta ló dùbúlẹ̀ yẹn?" "Ìyá àgbà wa ni. Ikọ́ ló ń ṣe wọ́n." Ewúrẹ́ náà sì ní — bí Màmá àgbà ṣe máa ń ṣe é gan-an — mẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà."

Mẹ̀ẹ̀ẹ̀...

Ẹ̀rín! Ẹ̀rín gba gbogbo abẹ́ àtíbàbà. Ó tán, mo ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ervin, ṣebí mo ní —

Ẹnu Ervin wà ní pípadé. Ó kàn ń wò mí ni. Ẹ̀rín ọ̀hún ṣì ń dún... ikùn mi ló ń gbọ̀n. Èmi ni. Háà, èmi ni! Látìgbà tí tèmi ti lọ, mo rò pé ẹ̀rín mi bá a lọ ni. Kò bá a lọ. Ara mi ló wà látọjọ́ yìí, pẹ̀lú ẹkún, ibì kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

Eruku ọkọ̀ Lavina kò tíì yọ lójú ọ̀nà. Igun ẹnu ọmọ náà tún ti ń mì.

Mi ò yíjú kúrò mọ́.