Sípíkà Tó Dé Ìdí Ọparun Kẹta

Irọ́ kan ṣoṣo ni Bùsàrí ń pa láyé, ara sípíkà ló sì máa ń kọ ọ́ sí. Gbogbo àpótí tó bá kàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agric, Ìkòròdú, ló ń fi ọ̀dà funfun kọ "10,000 wáàtì" sí, torí pé ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ ti kọ 8,000. Ọ̀nà tó ń gbà dán an wò kò le rárá. Yóò tan sípíkà, yóò wo òdìkejì títì. Bí adìẹ ìyá oníbàtà bá fò sókè, ọjà ti pé nìyẹn.

Mobọ́lájí, tíṣà tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ló wá tú u fó. Fáṣínà, bàbá rẹ̀, ń pẹja lórí ọ̀sà ní Èjìnrìn. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, etí rẹ̀ sì ti di. Lóṣù tó kọjá, lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ lọ kí ọlọ́mọ tuntun ní Ẹ̀pẹ́, ìjì ṣú. Gbogbo èbúté pe bàbá títí ohùn fi há wọn lọ́nà ọ̀fun, kò gbọ́. Díẹ̀ ló kù kí omi gbé e lọ. Mobọ́lájí bá fàáké kọ́rí. Bí sípíkà kankan bá lè dé ibi àwọ̀n bàbá, kí bàbá máa lọ sódò. Bí kò bá lè dé ibẹ̀, kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, kí bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìkòròdú.

"Kí n wá máa ṣe kí ni?" ni bàbá bi í.

"Ẹ ó máa jókòó síta, ẹ ó máa wo kẹ̀kẹ́ Márúwá."

"Màá kú," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó ń ṣeré.

Mobọ́lájí wá kìlọ̀ fún Bùsàrí. "Bọ̀dá, ibi tí bàbá mi ti gbọ́ ọ ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹ má kọ wáàtì fún mi o. Bàbá mi ò gbọ́ wáàtì."

Bí Bùsàrí ṣe bá ara rẹ̀ ní etí ọ̀sà nìyẹn, pẹ̀lú sípíkà àti bátìrì ńlá kan. Wọ́n ti ri ọparun mẹ́ta mọ́ inú omi. Ìdí ẹ̀kẹta ni àwọ̀n bàbá wà. Láwàl, tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá, ló ń wa ọkọ̀ fún bàbá lọ́jọ́ náà, fóònù wà lápò rẹ̀. Bí bàbá bá ti gbọ́, kó gbé àjẹ̀ sókè. Ìyá Mobọ́lájí dúró ti sípíkà. Obìnrin yìí kì í pe ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú gèlè tó dẹ̀, ó kà á sí àrífín. Torí náà, kí Bùsàrí tó la ẹnu, ìyá á tú gèlè aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀, á nà án gbọọrọ lókè orí, á tún un wé.

Ní ọparun kìíní, àjẹ̀ gòkè. Ní ẹ̀kejì, atẹ́gùn dá ohùn padà sínú ọjà, ewúrẹ́ sá, síbẹ̀ àjẹ̀ gòkè. Orí Bùsàrí wú. Ní ẹ̀kẹta, ìyá wé gèlè, àjẹ̀ gòkè fíofío, ni fóònù bá dún. Láwàl ni.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ni?"

Bùsàrí wo sípíkà. Wáyà ti yọ lára bátìrì. Ó yíjú wo gèlè ìyá. Ó dá wáyà padà, ó ní kí ìyá lọ wo ọbẹ̀ níná, ó wá fi gbogbo agbára sípíkà kígbe: "BÀBÁ FÁṢÍNÀ O!" Àwọn lékeléke fò lọ. Àjẹ̀ ò mira.

Mobọ́lájí na gègé sí i. "Ṣé ó dé ọ̀hún?"

Bùsàrí wo bàbá tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń dá ẹjọ́ òun lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó rọrùn kó kọ "ó dé." Ṣùgbọ́n ìjì kì í wo adìẹ oníbàtà. Ó kọ ọ́ báyìí, ó sì kà á sókè: "Sípíkà yìí dé ìdí ọparun kẹta, bí Ìyá Mobọ́lájí bá dúró tì í, tó ń wé gèlè. Bí ìyá ò bá sí níbẹ̀, kò dé ibì kankan."

Mobọ́lájí tẹjú mọ́ ìwé náà. "Ta ló wá máa dúró síbí lójoojúmọ́?"

Ìyá ti padà dé látìdí ọbẹ̀. "Ọdún kejìdínláàádọ́ta rèé tí mo ti ń dúró síbí," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ sí Ẹ̀pẹ́."

"Ẹ fọwọ́ sí i, Bọ̀dá," ni Mobọ́lájí wí, ó sì ń nu ojú.

Bùsàrí fọwọ́ sí i. Ìyá ní ọbẹ̀ ti jinná, ó tú gèlè rẹ̀, ó nà án lókè orí. Lọ́ọ̀ọ́kán lórí ọ̀sà, bàbá gbé àjẹ̀ sókè, ọkọ̀ sì yí padà sílé.