Àga Kejì Nínú Bàálù Apoògùn

Ẹ má bi mí bóyá orí ọkọ àbúrò mi pé. Orí ẹ̀ pé ju tèmi lọ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bí wèrè bá ní òun fẹ́ kan bàálù nínú gàréèjì ilé ara ẹ̀, èèyàn á káàánú ẹ̀, wọ́n á bá a wá dókítà. Apoògùn ni tiwa, ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ wọn oògùn fún aláìsàn tí kò ṣi ìwọ̀n rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri. Ó gbé e kọ́, ó jókòó sábẹ́ ẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ kan bàálù." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí, ó rò pé àwàdà ni.

Èmi náà ń gbé nílé yẹn. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n fún mi látìgbà tí ojú mi ò ti rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, tí mo sì ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti gàréèjì náà. Ohun tí mi ò bá fojú rí, mo fetí gbọ́ ọ. Èyí tí mi ò bá gbọ́, ara ló fi ń yún mi.

Àbí kí ni kò ní jẹ́ kó yún èèyàn? Irú bàálù yìí, irin kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ara ẹ̀. Fóòmù ni, ó kàn le ju ti inú tìmùtìmù lọ. Wọ́n á fi wáyà gbígbóná gé e kó rí bí apá bàálù, wọ́n á tẹ́ aṣọ tí wọ́n fi gíláàsì hun lé e lórí, wọ́n á wá da àtè olómi sí aṣọ náà títí tí yóò fi mu ún yó. Tó bá gbẹ, ẹ gbé òkúta lù ú, òkúta lẹ máa káàánú. Láti ọmọdé ni mo ti ń gé aṣọ, mi ò rí irú aṣọ yẹn rí. Ó funfun, ó ń dán, eruku ẹ̀ sì burú ju wèrèpè lọ. Ó wọnú bẹ́ẹ̀dì mi, ó wọnú táwẹ́ẹ̀lì mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, Apoògùn á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n wa," á sì padà lọ gé òmíràn.

Kí ẹ má baà rò pé bàálù ni àbúrò mi ń wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: ọkọ ẹ̀ ló ń wá. Ọkùnrin yìí kì í lù ú, kì í bú u, kì í sì í rin ìrìnkurìn. Àmọ́ kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìwé ìròyìn ló ń bò ó lójú. Tó bá sọ ìwé ìròyìn sílẹ̀, oorun ló kù. Àwọn ọmọ ti dàgbà, kálukú ti gba ilé ẹ̀ lọ. Àbúrò mi wá ń retí ìfẹ̀yìntì yẹn bí ẹni ń retí ọmọ tuntun. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá ti wà nílé, a ó jọ máa sọ̀rọ̀." Ọkọ wá wà nílé lóòótọ́. Ó wọ gàréèjì, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ìjà ni àbúrò mi kọ́kọ́ gbé kò ó. "Àwọn ẹgbẹ́ yín ń jókòó sí fàráńdà, wọ́n ń ka ọmọ-ọmọ wọn. Ẹ̀yin ń wá ibi tẹ́ ẹ máa já sí!" Ó búra pé láéláé, ẹsẹ̀ òun ò ní wọ nǹkan tí wọ́n fi fóòmù ṣe. Èmi fúnra mi ṣe àmín sí i.

Àmọ́ apá bàálù gùn, ọwọ́ ẹnì kan ò ká a. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Apoògùn wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ní, "Màmá, jọ̀ọ́, wá bá mi di etí aṣọ yìí mú. Kò ní pẹ́." Àbúrò mi bá a lọ tòun ti àríwísí lẹ́nu. Ibẹ̀ ló ti rí nǹkan tí gbogbo ọdún ìgbéyàwó wọn kò fi hàn án.

Inú ike méjì ni àtè yẹn ń wà. Ọ̀kan ni àtè gan-an, ìkejì ni èyí tó ń mú un le. Tí wọ́n bá ti pò wọ́n pọ̀, ó di dandan kí wọ́n fi tán kó tó dì. Kò gbọ́ "ẹ dúró ná", kò gbọ́ "mò ń bọ̀". Bọ̀dá kankan ò lè ní òun fẹ́ lọ ka ìwé ìròyìn. Ọwọ́ Apoògùn méjèèjì wà nínú àtè, àtè ń gbóná lọ, àbúrò mi sì dúró sí ọ̀kánkán ẹ̀, ó ń tu gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri.

"Kí ló dé tẹ́ ò wá lọ́jọ́ tí ọmọ wa gboyè? Mo fi ààyè sílẹ̀ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo ayé ń wò mí!"

Apoògùn ń fọwọ́ tẹ aṣọ mọ́ fóòmù lọ, mo ń gbọ́ ọ. Mo ti rò pé bó ṣe máa ń ṣe náà ló ṣe yẹn. Ó wá ní, "Mo wá. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo dúró sí."

"Kí lẹ ń ṣe lẹ́yìn gbọ̀ngàn?"

"Ẹkún ni mò ń sun, ojú sì ń tì mí. Fa aṣọ yẹn, ó ń ká jọ lápá ọ̀dọ̀ ẹ."

Háà! Èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri, mo jókòó. Àbúrò mi fa aṣọ. Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀ pọ́n, àtè wà nínú irun ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìrù ẹ̀ ni a máa ṣe lọ́la."

Látìgbà náà, ẹ ò lè rí ìyàwó yẹn nílé mọ́. Ó mọ sáńpépà tó kúnná, ó mọ èyí tó ń ha nǹkan. Tí Apoògùn bá gbé ife àtè sórí ìwọ̀n, tó ń kán an lọ́kọ̀ọ̀kan bí oògùn ikọ́ ọmọdé, òun ló ń ka nọ́ńbà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lówùúrọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n bá àwọn àna jà, wọ́n parí ìjà pẹ̀lú àwọn tó ti kú. Nígbà tí Apoògùn de àga méjì mọ́ inú bàálù náà, ó fọwọ́ kan ti ọ̀tún, ó ní, "Tìẹ rèé." Ẹni tó búra pé láéláé! Kíá ló gun orí ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá ń mu tíì láràárọ̀. Ó bi mí bóyá àwọ̀ búlúù máa bá a mu tó bá wà lókè. Mo ní kó bi àwọn ẹyẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń tán lọ. Ọkọ ti ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù ní pápá bàálù tó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n ti fún un ní ìwé àṣẹ. Ó ku kí wọ́n ha ara bàálù náà kó jọ̀lọ̀, kí wọ́n kùn ún. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù dé bá àbúrò mi. Ó wá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá parí ńkọ́?"

"Ẹ máa fò ni."

"Fífò ò ju wákàtí kan lọ. Ìyókù ọjọ́ ńkọ́? Ìwé ìròyìn ló máa padà sí."

Mo ní kó lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ ní gàréèjì, ó dùn bí oyin. "Olówó orí mi, ẹ fọwọ́ kan ibí yìí. Ṣé kò rì?" Ọkọ fọwọ́ ra á síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ó rì díẹ̀." Wọ́n po àtè mọ́ ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n fi ń dí ojú kòtò, wọ́n fi pa á, wọ́n dúró kó gbẹ, wọ́n ha á. Odindi ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, tẹ̀rín tọ̀rọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha á tán ni ó tún rí òmíràn lábẹ́ apá òsì.

Èmi náà lọ fọwọ́ kàn án nígbà tí Apoògùn ò sí nílé. Ẹ̀yin adìẹ ò jọ̀lọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kò sí nǹkan kan níbí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ò ríran."

"Ọwọ́ ni mo fi kàn án!"

Ó ní kí n má pariwo. Ó wá di mí mú lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọmọ ìyá mi ni. Mo gbé ẹnu mi padà sí yàrá mi. Wọ́n dí, wọ́n ha, wọ́n kùn ún ní funfun. Àbúrò mi ní funfun ń fi ìdọ̀tí hàn, wọ́n kùn ún ní búlúù lé e lórí. Ó ní búlúù náà ń ṣe ìgbì bí ojú omi. Wọ́n tún dí i. Apoògùn tó ń wọn gbogbo ife àtè, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kán kan lé, kò gbé bàálù fúnra ẹ̀ sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan rí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀.

Ayẹbàálùwò, ẹni tí ìjọba ní kó yẹ bàálù wò kó tó fò, ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ńlá gbé bàálù lọ sí pápá, wọ́n ti de apá ẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni ayẹbàálùwò náà, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kí wa kúnlẹ̀kúnlẹ̀. Ó fi ìwọ̀n sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ó wò ó, ó yọ wọ́n, ó tún gbogbo ẹ̀ wọ̀n.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kí lẹ fi kun bàálù yìí?"

"Ọ̀dà ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti wúwo jù. Ẹ́ńjìnnì yín ò lè gbé e pẹ̀lú èèyàn méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ sí. Ẹ máa yọ àga kejì."

Àbúrò mi gbé ọwọ́ lé orí. "Mo gbé! Èmi ni! Olówó orí mi, èmi ni mo bà á jẹ́. Kò sí ibì kankan tó rì. Irọ́ ni mò ń pa fún yín, kí iṣẹ́ má baà tán, kẹ́ ẹ má baà dákẹ́ mọ́ mi lórí."

"Mo mọ̀," ni Apoògùn wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ọwọ́ tó ń ka hóró oògùn, ṣé kò ní mọ̀ bí nǹkan bá rì? Kò sí ọjọ́ kan tí mo rí kòtò níbẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ̀ ń dí i?"

"Tí mo bá ní kò rì, o máa padà sínú ilé."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àgbà méjì dúró sí àárín pápá, wọ́n ń sunkún, ọmọbìnrin ayẹbàálùwò ń wo táyà bí ẹni pé kò rí táyà rí. Èmi tí mo ti bú ọkùnrin yẹn látọjọ́ tí eruku ti ń yún mi, mo fi ìborùn nu ojú. Ọmọbìnrin náà ní tí wọ́n bá lè ha gbogbo ohun tí wọ́n pa mọ́ ọn kúrò, kí wọ́n tún un kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun lè tún un wọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá èèyàn méjì á lè wọ̀ ọ́. Ọdún kan gbáko nínú gàréèjì! Ẹ bá mi wo ojú àbúrò mi. Ó ti nu omijé, ó ti ń ká apá aṣọ sókè.

"A máa ha á," ni Apoògùn wí. "Jẹ́ kí n kàn gbé e lọ wò lẹ́ẹ̀kan ná."

Àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló bá a di sípánà mú tí wọ́n fi yọ àga náà. Ó gbé e sórí koríko, ó jókòó lé e. Bàálù sáré, ó fò. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ó yí pápá ká, ó tún yí i ká, a ṣe bí ó fẹ́ balẹ̀, ó gba apá òkè lọ. A dúró títí oòrùn fi ń jó wa.

Nígbà tó padà dé, tó bọ́ sílẹ̀, mi ò mọ ojú ẹ̀ mọ́. Látọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i kó tàn bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àbúrò mi sáré lọ dì mọ́ ọn.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Màmá, ó dákẹ́ lókè yẹn," ló wí. "Ó dákẹ́ rọ́rọ́."

Ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta! Dákẹ́ kẹ̀!

Ó ní òun á tún gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Lọ́la dé, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú ọjọ́ dáa, ó ní ìfiṣòfò ló máa jẹ́ tí òun ò bá fò. Bàálù náà ò padà sí gàréèjì mọ́ títí dòní. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, Apoògùn á ti jí, á ti bọ bàtà, á ti wo ìta. Ó ń kọrin lábẹ́ ètè. Kì í ka ìwé ìròyìn mọ́, ìyẹn la rí jẹ níbẹ̀.

Àbúrò mi gbá gàréèjì náà mọ́. Ó nu orí tábìlì, ó to àwọn ike àtè tó kù. Láàárọ̀ àná, ó gbé tíì fún ọkọ ẹ̀ lójú fèrèsé níbi tó ti ń wo òfurufú.

"Olówó orí mi, mo ń rò ó. Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Fóòmù náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó máa ń fẹ̀, wọn ò sì ní yọ àga ẹnì kankan."

Apoògùn gba tíì lọ́wọ́ ẹ̀, ó dúpẹ́. Kò gbójú kúrò lókè.

"Ọkọ̀ ojú omi? Màmá, ta ló ráyè ìyẹn?"